Kí ni mo lè gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ewúrẹ́ ò ní jẹ, tí ẹ̀ẹ̀rùn ò ní pa?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín gọ́tà àti títì. Tépù ìránṣọ mi mẹ́jọ ni gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ ò ju tépù kan lọ. Ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bójú tó o, ló bá di àkìtàn. Òórùn rẹ̀ ń wọnú aṣọ oníbàárà. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi kó o, ó kún àpò ìrẹsì mọ́kànlá. Mo wá ra òdòdó hibiscus mẹ́fà. Ewúrẹ́ jẹ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọyẹ́ sì pa méjì tó kù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bá láílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí lórí kùkùté wọn. Ó dùn mí wọra. Òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kí ni kí n gbìn? Rírà la ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì kan péré ni mo lè yọ̀ǹda lójúmọ́.

Bàbá Elégbògi:
Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Pèrègún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó apá, ẹ fi síbi ibòòji fún ọjọ́ méjì kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò o. Ọ̀pá náà la fi ń gbin akòko, àmọ́ igi ńlá ló máa dà, ẹ gbìn ín jìnnà sí wáyà iná. Ẹ fi ewé tíì àti efinrin sáàárín wọn, ewúrẹ́ kì í sábà fẹnu kàn wọ́n nítorí òórùn wọn. Ẹ má dán odán wò. Abẹ́ odán làwọn baba wa ti ń nájà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ á la gọ́tà yẹn.

Ìyá Olùkọ́:
Òótọ́ ni bàbá sọ, àfi ti pèrègún. Wọ́n gbìn ín sójú àkìtàn kan ládùúgbò wa. Kò sẹ́ni tó dalẹ̀ síbẹ̀ mọ́, wọ́n rò pé ojúbọ ni. Kò pé oṣù mẹ́ta tẹ́nì kan fi fà á tu lóru. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó yí yín ká sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi bọ̀tujẹ̀ ṣe ọgbà torí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ọmọ iléèwé ń kọjá níbẹ̀, kóró rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ síbẹ̀ náà. Bátìrì mọ́tò máa ń wà nínú irú àkìtàn bẹ́ẹ̀, òjé inú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀, ewé ẹ̀fọ́ sì ń fà á mu.

Àdùkẹ́ Peckham:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Nítòsí wa níbí ní London, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Reynolds bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 2004 níwájú Perronet House, ilé fúláàtì tó ń gbé ní Elephant and Castle. Òru ló ń gbìn ín, torí kò gbàṣẹ. Nígbà tó yá, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin lavender sáàárín títì, òdòdó tí kì í fẹ́ omi púpọ̀. Èmi náà gbin díẹ̀ sídìí igi kan níwájú fúláàtì mi, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí mo fi fi pákó pẹlẹbẹ yí i ká. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù fífọ́ tò sétí ilẹ̀ yẹn, kí ojú lè rí i pé ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo bá wọn sọ ọ́. Pásítọ̀ tó wà lókè ilé ò fẹ́ pèrègún, mo sì gbà fún un. Akòko méjì ni màá gbìn síkàngun. Ìyá alágbo òdìkejì ní tí mo bá lè jẹ́ kóun máa já efinrin, òun náà á máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan wá lójoojúmọ́. A tú ìdì ewé tíì lánàá, mọ́kàndínlógún ló jáde. Bàbá, àyè wo ni kí n fi sáàárín wọn?

Bàbá Elégbògi:
Ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ gé ewé wọn kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan kí ẹ tó gbìn wọ́n, kí oòrùn má baà fa omi ara wọn tán. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn wọ́n.