Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò kì í gbà ní Faransé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní Faransé lóṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mọ́tò ń bà á. Ọkàn mi fà sí ọ̀nà etí odò àfọwọ́gbẹ́ láti Nantes dé Brest, tó lé ní 360 kìlómítà: òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì gba Redon àti Josselin (ààfin àtijọ́ ibẹ̀ wà létí omi gan-an) kọjá. Ọ̀nà etí Canal du Midi (odò àfọwọ́gbẹ́ mìíràn, ní gúúsù Faransé) wù mí náà, àmọ́ gbòǹgbò igi ti bo ojú ọ̀nà rẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹni tó bá ti gba ti Nantes rí, irú táyà wo lẹ lò? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ṣé a máa rí oúnjẹ rà láwọn abúlé lọ́jọ́ Àìkú?