Báwo ni yunifásítì àti ẹbu gàárì ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ kí èèpo ẹ̀gẹ́ má baà ba ilẹ̀ wa jẹ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá tí ń yan gàárì ní ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ọwọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ní ẹbu kéékèèké bíi tiwa sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá kí ó tó di oúnjẹ. Èèpo tí a ń bó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ẹbu lójoojúmọ́. Bí òjò bá rọ̀ sí i, á jẹrà, á máa rùn, eṣinṣin á sì bò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn á dáná sun ún, èéfín rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò. Omi tí jáàkì ń fún jáde nínú àpò ń ṣàn lọ sínú odò, koríko kì í sì í hù lójú ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1988, FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́, sì ti wà ní Oṣòdì láti ọdún 1956. Bí a bá fẹ́ ìdàgbàsókè tí kò ní pa àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lára, kí ni ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ irú àwọn ilé ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kí sì ni àwa fúnra wa gbọ́dọ̀ yí padà nínú iṣẹ́ wa?

Olùkọ́ Ẹran-Ọ̀sìn:
Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ní ti èèpo, ọ̀nà ti là. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran-ọ̀sìn, àti ti IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè sọ ọ́ di oúnjẹ ẹran, ẹ̀rọ tí ẹ ní nínú ẹbu yín náà sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọjọ́ tí a bá bó èèpo gan-an ni kí a ṣa igi àti ìdí ẹ̀gẹ́ kúrò nínú rẹ̀; kí a lọ̀ ọ́ ní àlọ̀túnlọ̀ títí yóò fi kúnná; kí a dì í sínú àpò, kí a fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ jáde; lẹ́yìn náà kí a tú u, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì sá a sóòrùn tàbí kí a yan án. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ni yóò di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ gbígbẹ. Èyí tí ó kúnná wà fún ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti ẹja. Èyí tí kò kúnná wà fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù.

Ẹ má ṣe sá èèpo láìlọ̀ ọ́. Ó lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó gbẹ, nígbà òjò yóò sì bu. Lílọ̀ àti títẹ̀ náà ni ó ń dín sáyánáìdì kù, májèlé tí ó pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé agbára ni oúnjẹ yìí ń fún ẹran, kò ní èròjà amúaradàgbà tó, nítorí náà a gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ sóyà tàbí irú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́bu:
Olùkọ́, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó díísù tí a ó fi máa lọ èèpo ní àlọ̀túnlọ̀, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ẹni tí ó fẹ́ tajà lọ́la ṣì wà nílẹ̀ tí ó ń dúró de ẹ̀rọ? Ọ̀fẹ́ ni àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ àdúgbò wa ń kó èèpo tútù. A kò tíì rí ẹni tí ó sọ iye tí òun yóò fi ra gbígbẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wá pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, a ó dá wọn lóhùn, a ó bu gàárì fún wọn, a kì í sì í gbúròó ohun tí wọ́n rí. Ó ń dùn wá.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ẹ̀rọ:
Òótọ́ ni ìyá wa sọ, ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti dá ètò SIWES sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí iṣẹ́ kí ó tó gboyè, oṣù mẹ́fà sì ni ti àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú wa ni ó lo oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ́fíìsì tí kò ti sí ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, ti ẹran-ọ̀sìn àti ti ìṣirò owó papọ̀ sí ẹbu kan náà. Kí wọ́n máa wọn èèpo lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ iye díísù tí ó lọ sí i, kí wọ́n sì bá ọlọ́sìn ṣàdéhùn iye owó. Iwájú àwọn ìyá ni kí wọ́n ti ka èsì wọn kí olùkọ́ tó fún wọn ní máàkì, kí àwọn tí yóò wá lọ́dún kejì sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá a dé.

Olùkọ́ Ẹran-Ọ̀sìn:
Mo fara mọ́ èyí pátápátá. Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Ẹ gbà á sínú kòtò tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, kí ó jìnnà sí kànga. Sítáàṣì yóò rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ sì lè rí i tà. A lè po omi tí ó kù mọ́ ìgbẹ́ ẹran nínú àgbá tí a dé pa kí ó di gáàsì ìdáná, èyí tí yóò dín igi tí ẹ ń kó sábẹ́ agbada kù. Ẹ má dá a ṣe láìsí onímọ̀ ẹ̀rọ, nítorí gáàsì náà lè gbiná.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
A dúpẹ́ gan-an. A ó bẹ̀rẹ̀ sí wọn èèpo kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ta ni kí a kọ lẹ́tà sí?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ẹ̀rọ:
Ọ́fíìsì SIWES ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye èèpo tí ẹ bá wọ̀n lọ́sẹ̀, irú ẹ̀rọ tí ẹ ní, àti ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa sùn. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè.