Ìyá wa ń ka Sáàmù 91 mọ́jú, síbẹ̀ ẹ̀rù ò lọ. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Bùsọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, June 5, 2022, ni ọkàn ìyá wa tí ń gbé nítòsí ibẹ̀ kò ti balẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, wọ́n á ta gìrì. Tó bá di alẹ́, Sáàmù 91 ni wọ́n ń kà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù kò ní ìgbàgbọ́. Ibo ni kí n kà fún wọn?

Alàgbà Bánkọ́lé: Ọmọ mi, bá wa kí màmá. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni kí o kọ́kọ́ mú kúrò lọ́kàn wọn. Ṣí Sáàmù 56:3 fún wọn: "Nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí, èmi óò gbẹ́kẹ̀lé ọ." Dáfídì kò sọ pé ẹ̀rù kì í ba òun. Máàkù 14:33 sì sọ bí ìdààmú ṣe bá Jésù fúnra rẹ̀ ní Gẹtisémánì.

Sáàmù 91 kì í ṣe ọfọ̀ tí ẹni tó bá ṣì í pè á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 11 àti 12 rẹ̀ gan-an ni Sátánì fi dán Jésù wò nínú Mátíù 4:6, pé kó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì. Ẹsẹ 15 ni kí màmá dì mú: "Èmi óò wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpọ́njú." Àwọn tó kú ní Ọ̀wọ̀ náà ń sin Ọlọ́run lọ́wọ́ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka sáàmù yìí bí ẹni pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó.

Fún alẹ́, Sáàmù 13 ni mo fara mọ́. Ẹsẹ mẹ́fà péré ló ní. Kí wọ́n ka ẹsẹ 1 àti 2 sókè, níbi tí Dáfídì ti bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹrin pé yóò ti pẹ́ tó. Kí wọ́n dánu dúró, kí wọ́n dárúkọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an: ìró ìbọn, ọ̀nà oko, ohunkóhun tó bá jẹ́. Ní ẹsẹ 3 àti 4, kí wọ́n tọrọ ohun kan ṣoṣo. Kí wọ́n wá ka 5 àti 6, kí wọ́n pa Bíbélì dé. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n máa ń sáré débi ìyìn láì tíì ro ẹjọ́ ọkàn wọn tán, ẹ̀rù tí wọn ò dárúkọ á sì tún jí wọn lóru.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Alàgbà ti tọ́jú ti ọkàn, ẹ jẹ́ kí n fi ti ara kún un. Bí àyà bá ń já, kí màmá jókòó, kí wọ́n fi imú fa èémí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú "Nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí", kí wọ́n fi ẹnu tú u jáde pẹ̀lú "èmi óò gbẹ́kẹ̀lé ọ". Kí títú jáde pẹ́ ju fífà lọ. Ìṣẹ́jú 5 tó. Bí wọ́n bá ń mí gùlegùle, òòyì á kọ́ wọn.

Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà sá fún Jésébẹ́lì, ó ní kóun kú. Oúnjẹ, omi àti oorun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, áńgẹ́lì jí i lẹ́ẹ̀mejì kó lè jẹun, kí ó tó bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù. Nítorí náà, màmá ò gbọdọ̀ máa gbààwẹ̀ báyìí, bí wọ́n bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n má dá a dúró. Ẹ gbé fóònù kúrò ní yàrá wọn lálẹ́, pàápàá àwọn fídíò ìpànìyàn tí wọ́n ń pín kiri. Bí títa gìrì àti àìsùn bá ti ju oṣù kan lọ, bíi ti màmá yìí, ẹ mú wọn lọ rí dókítà. Àdúrà ò ní kí a má lọ.

Bùsọ́lá: Ẹ ṣé gan-an ni. Ti ìsìn wá ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n. Ṣé ká fi wọ́n sílẹ̀ nílé ni?

Bàbá Tìmílẹ́yìn, aṣọ́nà ìjọ: Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nílé pátápátá, ẹ má sì fi ipá mú wọn. Nehemáyà 4:9: Nehemáyà àti àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù gbàdúrà, wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Lọ bá olùdarí ìjọ, kí o bi í bóyá gbogbo ilẹ̀kùn ni kì í tì mọ́ àwọn ènìyàn nígbà ìsìn, bóyá mọ́tò ò dí ẹnu ọ̀nà, àti ta ló ń ṣọ́ ìta. Kí wọ́n fi ẹni náà han màmá lójúkojú. Ní ti pípadà lọ, ẹ kọ́kọ́ mú wọn dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ara wọn á fi rọlẹ̀, torí bí wọ́n bá sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù ṣì le, tọ̀la á tún nira sí i. Lẹ́yìn náà, ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ tí èrò ò pọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ló kẹ́yìn, ní ìjókòó etí ilẹ̀kùn, kí ìwọ tàbí ẹni tí wọ́n fọkàn tán jókòó tì wọ́n.