Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá wa wí nítorí òfin tí àwọn fúnra wọn gbé wá: kí ni ẹ̀yin ti rí?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Oníbàárà kan láti London wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi wí gidigidi nítorí òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2014, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ṣe ìjìyà ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Kò mọ̀ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìbálòpọ̀ akọ sí akọ sínú ìwé òfin ọ̀daràn wa láti 1916. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?

Àgbà Ìbarà: Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ní 1893 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwa Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé a dá dúró. Wọ́n gba òmìnira náà lọ́wọ́ wa ní 1914 lẹ́yìn ọ̀ràn Ìjemọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti yìnbọn pa àwọn ènìyàn, ọdún méjì péré sì ni òfin yìí fi tẹ̀ lé e. London ni mò ń gbé nígbà tí wọ́n ṣe òfin 1988 tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe polongo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì di 2003 kí wọ́n tó pa á rẹ́ níbẹ̀.

Ará Lafẹ́nwá: Òótọ́ ni oníbàárà yẹn sọ, ibi yòówù kó ti wá.

Akẹ́kọ̀ọ́: Mo fara mọ́ ará Lafẹ́nwá. Àwọn agbófinró kan dá èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní ìrìn ọ̀rẹ́ mi jọ ti obìnrin, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọn kò sì tọ́ka sí òfin kankan kí wọ́n tó dárúkọ iye owó tí a máa san. Ṣé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la máa di èyí náà rù?

Ìyá Aládìrẹ: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìgbàgbọ́ mi kò gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tú fóònù ọmọ ọlọ́mọ láti fi gbowó, olè ni.

Ọmọ Ìtòkú: Ṣé ẹ san owó náà?

Akẹ́kọ̀ọ́: A san án, sà.

Ará Òkè-Ìléwó: Lẹ́yìn òfin tí Ààrẹ Museveni ti Ùgáńdà fọwọ́ sí ní 2023 lòdì sí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà yọ Ùgáńdà kúrò nínú ètò AGOA, tó ń jẹ́ kí ọjà ilẹ̀ Áfíríkà wọ ọ̀dọ̀ wọn láìsan owó ibodè. Saudi Arabia, níbi tí ikú ti lè jẹ́ ìjìyà ọ̀ràn kan náà, ṣì ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Mo bi aṣojú àjọ òkèèrè kan tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ léèrè, ó ní ọ̀rọ̀ epo yàtọ̀. Inú bí mi.

Àgbà Ìbarà: Kí a má fi ibì kan pamọ́, Theresa May, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ ní 2018 pé òun kábàámọ̀ ipa tí Gẹ̀ẹ́sì kó nínú àwọn òfin wọ̀nyí.

Ará Lafẹ́nwá: Bàbá, ta ló fipá mú wa ṣe ti 2014? Nígbà tí David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, halẹ̀ ní 2011 pé òun lè dín ìrànwọ́ kù fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn aṣòfin àgbà wa fọwọ́ sí àbádòfin náà.

Ìyá Aládìrẹ: Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ti rí agbẹjọ́rò?

Akẹ́kọ̀ọ́: Rárá, mà. Òfin kan náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà fún ẹni tó bá ṣe àtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé agbẹjọ́rò tó bá tọ̀ lọ kò ní gbà.