Èsì sí “ìmúrìn”: orúkọ tí a lè fún físíò àti káàtúùnù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Abẹ́òkúta.

Alàgbà tó kọ̀wé láti Ìbàdàn dá a lábàá pé kí “ìmúrìn” jẹ́ orúkọ fún iṣẹ́ méjì: iṣẹ́ àwọn físíò ní ọsibítù, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, àti iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe káàtúùnù. Wọ́n ní iṣẹ́ méjèèjì ló ń mú ohun tí kò lè rìn rìn. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ẹdẹ ta kò wọ́n, wọ́n ní “ìwọ́ra” ti wà nílẹ̀ fún físíò, kí ni a tún ń wá? Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, àmọ́ n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ́ra, nítorí òun ló lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Bí ẹ bá bi ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, tí ẹ̀yìn ń dùn, pé kí ni wọ́n ń ṣe fún un ní ọsibítù Ìdí-Abà, yóò ní, “Wọ́n ń bá mi wọ́ ẹ̀yìn ni.” Ohun tó rí ló sọ, kò purọ́. Ọwọ́ wà nínú iṣẹ́ náà, ó sì wúlò gan-an. Bí oríkèé bá ti le, físíò yóò di eegun òkè mú, yóò máa sún ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, tí kò lè gbé apá ara rẹ̀, wọn yóò máa bá a gbé e, wọn yóò máa bá a nà án, kí oríkèé má baà gan. Ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún àyà rẹ̀, wọn yóò ká àtẹ́lẹwọ́ kò bí ẹni fẹ́ bu omi, wọn yóò fi máa gbá a lẹ́yìn kó lè wú u jáde. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́ láti inú oyún, wọn yóò rọra fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò fi POP, báńdéèjì funfun tó máa ń le, dè é, títí yóò fi bọ́ sí ipò tó yẹ. Mo dárúkọ gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fojú kéré ọwọ́.

Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yìn dídùn àti orúnkún dídùn, ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò pẹ́. Ìrora yóò dínkù, oríkèé yóò ṣí díẹ̀, ara kò ní bẹ̀rù àtirìn mọ́. Inú àǹfààní kékeré yẹn ni aláìsàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó nàró, kó dìde, kó jókòó, kó gun àtẹ̀gùn. Bó bá padà sílé lọ dùbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò tún le padà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn níbí: “Físíò yẹn kò ṣe nǹkan kan fún mi, ó kàn ní kí n máa dìde kí n máa jókòó.” Dìde-jókòó yẹn gan-an sì ni oògùn! Orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà ló kọ́ ọ pé kó wá sùn kí wọ́n máa wọ́ òun.

Èyí tó burú jù ni ti ẹsẹ̀ tó wú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A kì í wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ṣí kúrò, kó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa èèyàn. Bí ìwọ́ra bá jẹ́ orúkọ ìtọ́jú, ẹni tó ní òrí àti ọmọ lọ́dọ̀ yóò rò pé òun lè ṣe é nílé.

Àwọn òyìnbó náà gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní 1894, àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ ìwọ́ra, kí wọ́n lè dáàbò bo iṣẹ́ wọn nígbà tí orúkọ náà ti ń bàjẹ́ nígboro. Nígbà tó fi di 1944, ẹgbẹ́ náà ti yọ ìwọ́ra kúrò lórúkọ wọn, físíò ló kù níbẹ̀.

“Ìmúrìn” ńkọ́? Físíò ju rírìn lọ. Ọrùn kì í rìn. Obìnrin tó bímọ tán tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, físíò ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún iṣan ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò sí ìrìn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ń múni rìn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń fi hàn.

Ohun tí mo mú wá ni ÌMÚRALÒ. A ti mọ “ìmúlò” dáadáa, a ń kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Ẹ fi “ara” sí àárín rẹ̀: mú ara lò. Ẹni tó ni ara ló ń mú un lò. Bí “mú” àti “ara” bá pàdé, “múra” ni etí ń gbọ́, ìyẹn sì bá a mu, nítorí aláìsàn gbọ́dọ̀ múra. Onímọ̀ ìmúralò ni físíò. Apá tó jẹ́ ti ọwọ́ nínú rẹ̀, kí a pè é ní ìfọwọ́tọ́jú, kó má gba ipò gbogbo iṣẹ́.

Ní ti káàtúùnù, kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú sinimá, gbogbo wọn ló dúró jẹ́ẹ́, ojú wa ló ń so wọ́n pọ̀. Mo fara mọ́ “àwòrán àtòrìn”: a tò ó títí ó fi dà bí ẹni pé ó ń rìn. Iṣẹ́ Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n bí ní 1942, tó sì kú ní 2015, ló jẹ́ kí n yan “tò”. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú fíìmù yìí nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1966 ó ya àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ní ààrẹ tiwọn, tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ ààrẹ náà lẹ́yìn tó lọ sí ìrìn àjò. Nígbà tó yá, ó fi ọmọláńgidi ṣe é, ó ń sún wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ya àwòrán, ó gbẹ́ ọmọláńgidi, títò ni méjèèjì fi jọra.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé rédíò ló borí asọ̀rọ̀mágbèsì, pé “físíò” náà ni yóò borí. Kó borí ní ọjà Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá, kò burú. Àmọ́ ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹni tó ń kọ ìwé ìlera fún ilé ẹ̀kọ́, nílò ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859 ni mo ti ń kọ̀wé yìí, kò yẹ kí ó rẹ̀ wá láti wá ọ̀rọ̀.

Ibì kan ṣì kù tí mi ò tíì rí yanjú. Àwọn kan wà ní ọsibítù tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti tún kọ́ ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ bí yóò ṣe de bọ́tìnnì, bí yóò ṣe di ṣíbí mú, bí yóò ṣe wẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmúralò lè gbé tiwọn mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọsibítù eegun ní Ìgbóbì, kí lẹ máa ń pe iṣẹ́ wọn fún aláìsàn tí kò gbọ́ èdè òyìnbó?