Ilé-ìkàwé orí òkè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà lórí ọ̀rọ̀ Andrew Carnegie, olówó ilé iṣẹ́ irin nì: ẹni rere ni àbí ìkà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìtòsí Pittsburgh l'Amẹ́ríkà, ilé-ìkàwé Carnegie tó wà lórí òkè ní Munhall ni mo máa ń gbé ọmọ mi lọ ní Sátidé. Ọdún 1898 ni wọ́n ṣí i. Ìwé wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn orin wà, wọ́n tún gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ilé kan náà. Mo máa ń ṣàdúrà fún ẹni tó kọ́ ọ. Ọmọ ahunṣọ láti Scotland ni, ó dé Amẹ́ríkà ní 1848, dọ́là 1.20 péré ló ń gbà lọ́sẹ̀ nílé iṣẹ́ òwú. Ta ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ò ní wọ̀ lára?

Àfi ọjọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ dé etí odò Monongahela. Ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò wó òpó èéfín méjìlá ti ilé iṣẹ́ irin tó jẹ́ ti Carnegie nígbà kan rí. Bàbá òyìnbó kan jókòó síbẹ̀, a jọ ń tàkúrọ̀sọ. Ó nawọ́ sí odò: ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbé ẹ̀ṣọ́ aládàáni Pinkerton bí 300 wá ní July 1892, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ kí wọ́n gé owó wọn. Ìbọn dún. Òṣìṣẹ́ méje kú, ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta kú. Carnegie wà ní Scotland ní tiẹ̀, Henry Frick, ọ̀gá tó ń bá a darí ilé iṣẹ́, ló fi sílẹ̀ pé kó bá wọn fà á. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì tú ká.

Mo ní, "Bàbá, ilé-ìkàwé ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá bàbá òun ò wọ ibẹ̀ rí. Wákàtí 12 níwájú iná lójúmọ́, ojú wo ló kù tó máa fi kàwé?

Carnegie ta gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún J.P. Morgan, olówó báńkì, ní 1901, mílíọ̀nù 480 dọ́là. Kó tó kú ní 1919, ó ti fi mílíọ̀nù tó lé ní 350 tọrẹ. Ẹ má rò pé kò kàn wá o: owó àjọ tó dá sílẹ̀ ló gbé ìgbìmọ̀ Ashby, tó yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà wò, ró ní 1959, àwọn ló ní kí yunifásítì wà l'Ékòó. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kàwé. A ti jẹ níbẹ̀, kí n má purọ́.

Mo ṣì ń gbé ọmọ lọ. Etí odò la máa ń gbà báyìí, á máa ka àwọn òpó yẹn láti inú mọ́tò títí á fi pé méjìlá.