Báwo ni mo ṣe lè dín ike kù níbi ìnáwó Màámi láì dá ìjà sílẹ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màámi máa pé ọmọ ọdún 70 lóṣù tó ń bọ̀, Ṣómólú níbí la ti fẹ́ ṣe é. Mo ní ká má ra omi inú ọ̀rá, ká má pín abọ́ ike fún àlejò, àwo tánganran ni ká gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n Màámi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní a ò lówó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ ó yé mi. Ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹnuure fún, tí wọ́n bá ní kó dín in kù, á rò pé wọ́n fẹ́ dá òun padà sínú ìṣẹ́ ni. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ní wọ́n ń dá ike omi padà níbẹ̀ torí sẹ́ńtì 25 tí wọ́n máa gbà lórí ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dín mọ́tò wíwà kù, ariwo ni.

Mi ò kàn lè dákẹ́ ni. Lọ́jọ́ òjò tó kọjá, igi ni mo fi ń tú gọ́tà iwájú ilé wa. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdérí ìgò, abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní sitáírófóòmù, tí ìjọba Èkó ti fòfin dè láti 2024, gbogbo ẹ̀ dì mọ́ ẹrẹ̀ bí ẹní. Omi ti wọ yàrá Màámi kí n tó ṣí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ sọ fáwọn àgbà tí wọ́n fi gbà? Ṣé kí n bá Màámi fúnra wọn sọ ọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń háyà àwo àti ife báyìí?